Ìràwọ̀ Arúgbó Ló Kó Ẹrù Sínú Ilẹ̀ Ìjerò

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Ìjerò-Èkìtì yóò rí òkìtì àpáta funfun tí wọ́n ti fọ́ sílẹ̀, tí ohun tó ń dán bíi gíláàsì ń kọ mànà lára rẹ̀ bí oòrùn bá ta sí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í wo dídán. Táńtáláìtì ni wọ́n ń wá, òkúta dúdú tó kéré lójú ṣùgbọ́n tó wúwo lọ́wọ́. Wọ́n ń wá tíìnì, irin funfun tí wọ́n fi ń bo ara agolo kó má baà dípẹtà, tí àwọn tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe sì fi ń jó wáyà mọ́ra. Wọ́n ń wá tọ́málíìnì, òkúta iyebíye tó máa ń ní àwọ̀ ewé nígbà mìíràn, tó sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà mìíràn. Láti ìgbà tí aráyé sì ti ń fi bátìrì wa ọkọ̀, orúkọ lítíọ́ọ̀mù kò wọ́n lẹ́nu wọn mọ́. Bí ọwọ́ bá ti ba ohun tí wọ́n ń wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: èló ni oníbàárà máa san?

Ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn. Níbo ni tíìnì ti wá kó tó dé abẹ́ ilẹ̀ Ìjerò?

Onímọ̀ nípa ilẹ̀ yóò dáhùn pé àpáta tó yọ́, tó gbóná janjan nísàlẹ̀ ilẹ̀, ló rọra tutù tó sì di líle ní ìgbà tó ti ju mílíọ̀nù 400 ọdún lọ. Bó ṣe ń tutù ni àwọn èròjà tí kò wọ́pọ̀ ń ṣa ara wọn jọ sínú èyí tó dì kẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀, nítorí ayé fúnra rẹ̀ bá tíìnì nílẹ̀ ni. Kí ayé tó wà, kí oòrùn tó ràn fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tó ju ìdajì lọ nínú tíìnì yìí ti jinná nínú ikùn àwọn ìràwọ̀ tó ń darúgbó. Àwọn ìràwọ̀ yẹn bọ́ ara wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ejò ṣe ń bọ́ awọ, wọ́n tú u ká sínú gbalasa òfurufú, lára ohun tí wọ́n sì tú ká ni ayé ti rí ara mọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀n, tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún ni. Ó yẹ kí ọmọ tó ń dàgbà ní Ìjerò, ní Àrámọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti ní Ìdó-Ilé gbọ́ ọ kó tó jáde iléèwé girama, kó sì gbọ́ ọ ní èdè tí wọ́n fi ń pè é jẹun nílé.

Oòrùn ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un, nítorí òun ni ìràwọ̀ tó sún mọ́ ilé jù. Iná tó ń jó nínú rẹ̀ kì í ṣe iná igi. Háídírójìn ló ń wọnú ara wọn di hílíọ́ọ̀mù láàárín gbùngbùn rẹ̀, díẹ̀ lára ìwúwo wọn sì ń di ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin tọ́ọ̀nù lára oòrùn ló ń bá ìmọ́lẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, afẹ́fẹ́ kan ń fẹ́ láti ara rẹ̀ tó ń gbé ohun tó ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé oòrùn á tán lọ́la. Rárá o. Oòrùn tóbi débi pé, bó bá jẹ́ bó ṣe ń ṣe lónìí ló ti ń ṣe láti bílíọ̀nù 4.6 ọdún tó ti wà, ohun tó ti sọnù lára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Ìgbà ogbó ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Nígbà tí háídírójìn àárín ìràwọ̀ bá tán, àárín náà á máa sún kì, á máa gbóná sí i, ara òde á sì máa wú. Ìràwọ̀ tó tó oòrùn tẹ́lẹ̀ lè wú di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tàbí igba bó ṣe wà, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyin iná. Awọ ara rẹ̀ ti wá jìnnà sí àárín tó ń fà á mọ́ra, okùn tó so ó mọ́lẹ̀ ti dẹ̀. Nígbà náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó sùn: á wú fún oṣù mélòó kan, á sún kì fún oṣù mélòó kan, á tún wú. Ẹni tó bá ti se ẹ̀kọ rí mọ bí ògì tó ń hó ṣe máa ń ru sókè bí ẹni fẹ́ bo ẹnu ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ṣe ń ru kúrò lára ìràwọ̀ náà. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á já padà, ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ sókè tó, tó sì tutù tó, á dì, á di eruku.

Inú eruku yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀ lára ìràwọ̀ náà, eruku rẹ̀ á dà bíi dúdú èéfín tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn ló pọ̀ jù, eruku náà á dà bíi yanrìn tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó ń jáde lọ á wá máa kọlù ú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ lè ti nǹkan, nítorí títì rẹ̀ kéré débi pé ara kò lè mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ìràwọ̀ tó ń tàn ju oòrùn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títì náà tó láti gbé eruku kúrò nílẹ̀. Bí eruku ti ń lọ, ó ń kọlu gáàsì tó yí i ká, ó ń gbá a lọ bí èrò ọjà tó ń sáré ṣe máa ń gbé ẹni tí kò ní ohun tó ń sá fún lọ. Afẹ́fẹ́ yìí ń rin bíi kìlómítà mẹ́wàá sí ogún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ láti Ìjerò dé Adó-Èkìtì ni, kí ènìyàn tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Ẹrù tó ń gbé lọ ló ń bani lẹ́rù. Ìràwọ̀ arúgbó tó wà ní ìpele yìí lè pàdánù ohun tó tó ayé mẹ́ta láàárín ọdún kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn tó ti sún mọ́ òpin lè pàdánù ìlọ́po mẹ́wàá iyẹn. Irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́. Bí ara òde bá ti tán, àárín tó kù á hàn síta ní funfun, ní gbígbóná, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ayé lọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ràn sórí gáàsì tó ti bọ́ sílẹ̀, gáàsì náà á máa tàn bí aṣọ tí wọ́n sá sí oòrùn, títí yóò fi tú ká tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ní 1956, Armin Deutsch, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní California, fi hàn pé gáàsì tó ń jáde lára ìràwọ̀ pupa kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alpha Herculis ti jìnnà dé ibi tí kò ti lè padà mọ́. Kó tó di ìgbà náà, wọ́n lè máa jiyàn bóyá gbogbo ohun tó ń ru sókè ló tún ń já bọ̀. Láti ọjọ́ náà, iyàn ọ̀hún tán.

Ẹ̀rí tó rọrùn jù fún ojú láti gbà ni ti ìràwọ̀ Mira. Ní 1596 ni David Fabricius, àlùfáà kan ní etíkun òkè Jámánì, rí ìràwọ̀ náà, tí kò sì tún rí i mọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tó tún wá rí i lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Lónìí, wọ́n mọ̀ pé bíi ọjọ́ 332 ló fi ń mí èémí kan. Ní 2007, wọ́n gbé àwòrán Mira jáde tí GALEX, ẹ̀rọ awòràwọ̀ kan tó wà lójú òfurufú nígbà náà, fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí yà, ìrù kan sì hàn lẹ́yìn rẹ̀ tó gùn tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 13, ìyẹn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ máa rìn fún ọdún 13 gbáko. Mira ń sáré bíi kìlómítà 130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó sì ń bọ́ lára rẹ̀ ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn bí eruku ọ̀nà oko ṣe máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọkọ̀. Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ọdún ni ohun tó wà nínú ìrù náà fi bọ́. Mira kò sì tíì kú.

Ìràwọ̀ kejì tó yẹ kí ará Èkìtì mọ̀ ni Betelgeuse, nítorí pé orí Èkìtì gan-an ló ń gbà kọjá. Ibi tó wà lójú ọ̀run bá ibi tí Ìjerò, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti Ìkọ́gòsì wà lórí ilẹ̀ ayé mu tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, bó bá dé òkè pátápátá, ẹni tó dúró ní gbàgede ní láti gbé àgbọ̀n sókè gangan kó tó rí i. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Paríìsì kì í rí i bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀run ló ń gbà lọ́dọ̀ wọn. Ìràwọ̀ pupa ni, ó tóbi débi pé bí wọ́n bá gbé e sí àyè oòrùn, yóò gbé ayé wa mì, yóò sì gbé Mars tó tẹ̀ lé e mì.

Ní ìparí 2019 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, Betelgeuse bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Títí oṣù Èrèlé 2020, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti dín kù débi pé ojú lásán rí ìyàtọ̀ náà. Àwọn kan rò pé ó fẹ́ bú gbàù. Ẹgbẹ́ onímọ̀ tí Miguel Montargès jẹ́ olórí fún lo ẹ̀rọ awòràwọ̀ ńlá tó wà ní ilẹ̀ Chile, èsì wọn sì jáde ní 2021: ìràwọ̀ náà pọ̀ òkìtì gáàsì kan síta, apá kan ojú rẹ̀ tutù, gáàsì náà di eruku, eruku sì bo apá kan rẹ̀ lójú wa. Ohun tí àwọn ìwé ti ń sọ tipẹ́ ló ṣẹlẹ̀ níṣojú gbogbo ayé yẹn. Ó ṣẹlẹ̀ lókè orí Ìjerò, ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ti ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ tíìnì ló kù. Bí eruku àti gáàsì bá ń lọ, kí ló fi hàn pé ikùn ìràwọ̀ ni wọ́n ti se ohun tó wà nínú wọn?

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé láyé àtijọ́, ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra lẹ́rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń dá ọmọ Ẹ̀fọ̀n mọ̀ láàárín èrò. Kò dìgbà tí ó bá sọ̀rọ̀. Èròjà kọ̀ọ̀kan ní ilà tirẹ̀ bákan náà. Bí wọ́n bá la ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ bí òṣùmàrè, wọ́n á rí ìlà tíntìntín dúdú dúdú láàárín àwọn àwọ̀ náà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín. Ti irin kò jọ ti tíìnì, ti tíìnì kò jọ ti òjé. Ní 1952, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Paul Merrill, rí ilà tẹ̀kìníṣíọ́ọ̀mù lára àwọn ìràwọ̀ pupa arúgbó kan. Ẹnu ya gbogbo ẹni tó gbọ́. Tẹ̀kìníṣíọ́ọ̀mù kì í pẹ́ láyé: èyí tó pẹ́ jù nínú irú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti di nǹkan mìíràn láàárín mílíọ̀nù mẹ́rin ọdún ó lé díẹ̀. Ìràwọ̀ wọ̀nyẹn sì ti wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ wọn ni, ì bá ti tán tipẹ́. Nítorí náà, inú wọn ló ti ń jáde ní tuntun, bí ọkà tó ń jáde lórí iná nígbà tí àlejò wọlé.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1957, Margaret Burbidge, Geoffrey Burbidge, William Fowler àti Fred Hoyle kọ ìwé tó to bí ìràwọ̀ ṣe ń se èròjà lẹ́sẹẹsẹ. Irin díẹ̀ tó wà lára ìràwọ̀ láti ìbí ni ìpìlẹ̀. Átọ́mù irin náà á gbé niutírọ́ọ̀nù kan (ègé tíntìntín inú átọ́mù) mì, á dúró, nígbà mìíràn á dúró fún ọdún púpọ̀, á tún gbé òmíràn mì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wúwo sí i bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, tí yóò sì máa di èròjà mìíràn bó ṣe ń gòkè. Lójú ọ̀nà yìí ni tíìnì wà. Nǹkan bí ìdajì tántálọ́ọ̀mù, èyí tó ń sọ táńtáláìtì Ìjerò di ohun tí àwọn tó ń ṣe fóònù ń wá kiri, gba ọ̀nà yìí. Òjé tí àwọn olórìṣà ń fi sọ́wọ́ wà ní òkè àtẹ̀gùn náà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti ibẹ̀ wá.

Kí òdodo má baà farapa, ìràwọ̀ arúgbó kọ́ ló ṣe ohun gbogbo. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, inú ìràwọ̀ tó bú gbàù ló pọ̀ jù ti jáde. Wúrà nílò ìjàmbá tó le ju ìyẹn lọ. Lítíọ́ọ̀mù ní orírun tó pọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà láti ìgbà tí ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n náítírójìn inú ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n ń rà, ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá, ìpín ńlá nínú kábọ́ọ̀nù ayé náà sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Kò sí iyán láìsí kábọ́ọ̀nù. Èkìtì tó ń fi iyán yangàn ń jẹ oúnjẹ ìràwọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀rí kan wà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn. Ní 1969, òkúta kan já láti ojú ọ̀run sí Murchison, ìlú kékeré kan ní Australia. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yọ́ òkúta náà nínú ásíìdì, wọ́n bá ẹyọ eruku tó le koko nínú rẹ̀ tí kò jọ ohunkóhun tí wọ́n bí nínú agbo oòrùn. Láti 1987 ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ eruku tó bọ́ lára ìràwọ̀ arúgbó gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Ní 2020, ìwádìí kan fi hàn pé àwọn kan nínú wọn tó bílíọ̀nù méje ọdún, wọ́n ju oòrùn lọ ní ọjọ́ orí. Kò sí ohun líle kankan tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn rí tó dàgbà tó wọn.

Oòrùn pẹ̀lú ń bọ̀ lórí ọ̀nà yìí. Ní bíi bílíọ̀nù márùn-ún ọdún sí i, òun náà á wú, á pọ́n, nǹkan bí ìdajì ara rẹ̀ á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ara rẹ̀ ṣe ń fúyẹ́ ni agbára tó fi di ayé mú á máa dẹ̀, ayé á sì máa sún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá yóò sún sẹ́yìn tó láti yọ. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run lálẹ́, Sirius, ní ẹnìkejì kan tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Alvan Graham Clark ló kọ́kọ́ rí i ní 1862. Ìwúwo rẹ̀ kò ju ti oòrùn kan lọ báyìí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò fi hàn pé ó tó oòrùn márùn-ún nígbà èwe rẹ̀. Oòrùn mẹ́rin ló ti tú sínú òfurufú.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Samuel Okoye, ọmọ Amawbia, kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn kó tó lọ sí Cambridge. Ní 1965, òun àti Antony Hewish jọ kéde nínú ìwé Nature pé orísun kan tó kéré, tó sì lágbára lọ́nà àrà, wà nínú Crab, ìyẹn àwókù ìràwọ̀ ńlá kan tí àwọn ará Ṣáínà kọ sílẹ̀ pé ó bú gbàù ní 1054. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn rí i pé egungun ìràwọ̀ tó kú ni ohun náà, tó ń yí nígbà ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ Nàìjíríà tó jáde ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ọ. Ó padà wálé, ó sì dá iṣẹ́ ìwádìí ojú ọ̀run sílẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ó yẹ kó wà lára ògiri kíláàsì gbogbo.

Ibi tí wọ́n ti lè kọ́ iṣẹ́ náà kò sì jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú ti ẹkùn Áfíríkà fún àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1998. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, tó gba Iléṣà, á dé ibẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ní Kuntunse, lẹ́bàá Àkrà, àwọn ará Gánà sọ àwo ńlá kan tí wọ́n fi ń gba tẹlifóònù òkè òkun tẹ́lẹ̀ di ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn ìràwọ̀, wọ́n sì ṣí i ní 2017. Ohun àlòkù ni wọ́n fi ṣe é.

Ìbéèrè àwọn tí ebi ń pa ni èrè wo ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì ní ìdáhùn ní Ìjerò ju ibikíbi lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ iye táńtálọ́ọ̀mù tàbí tíìnì tó wà nínú àpò òkúta kan, ọmọ ìyá ohun tí Merrill lò ni: ó ń ka ilà ìmọ́lẹ̀ èròjà kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà tó wá láti òkèèrè ti kà á kó tó dá iye lé e. Awakùsà tí kò mọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ń fi ojú lásán tà. Ọmọ tó bá ti kọ́ láti ka ilà Betelgeuse lè ka ti òkúta ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè tàn án jẹ lórí òṣùwọ̀n.

Lójú òǹkọ̀wé yìí, ohun tó ń dá iṣẹ́ náà dúró jù ni èdè. Àwọn olùkọ́ ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn sílẹ̀, ọmọ ń há a sórí, ìdánwò dé, ó kọ ọ́, ó gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà mọ ògì tó ń hó, ó mọ dúdú ìdí ìkòkò, ó mọ ilà ojú àgbà. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan so wọ́n pọ̀ fún un. Àwọn ìlú tí orúkọ ọba wọn, Alárá àti Ajerò, ti wà nínú ẹsẹ Ifá láti ayé babańlá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀.

Kí àwọn ọ̀gá iléèwé girama ní agbègbè yìí ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún ojú ọ̀run. Kò gba owó ìjọba. Àárín oṣù Èrèlé ló dára jù, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, bí eruku ọyẹ́ bá ti fà sẹ́yìn. Kí wọ́n pa gbogbo iná, kí wọ́n jẹ́ kí ojú mọ òkùnkùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lórí ìlà kan, lápá gúúsù díẹ̀ sí àárín ọ̀run. Kí wọ́n kúrò lára wọn sí apá àríwá, títí wọ́n á fi dé ìràwọ̀ pupa tó wà lókè orí wọn gan-an. Òun ni Betelgeuse. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rí náà ti jáde lára rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ara rẹ̀ sì ń bọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń wò ó. Ẹ̀yin òbí tí iléèwé ọmọ yín kò bá ṣe é, ẹ mú ọmọ yín jáde fúnra yín.